Aró Ìyá Mùsílíù

Gbì-gbà, gbì-gbà. Ohun tó máa ń jí mi ní Fìdítì nígbà tí mo wà ní kékeré nìyẹn, ṣáájú ladani, ṣáájú àkùkọ. Ìyá mi àti Wòsílátù ọ̀rẹ́ rẹ̀ á kọjú sí ara wọn nídìí ìtì igi kan tó ti dán, aṣọ tí wọ́n ti pa láró á wà lórí igi náà ní kíká, oníkálukú á sì di òòlù onígi tirẹ̀ mú. Bí ti ọ̀kan bá ń gòkè, ti èkejì á máa bọ̀ nílẹ̀. Báyìí ni wọ́n á ṣe máa lu aṣọ náà títí á fi máa kọ mọ̀nà bíi pé wọ́n fi òróró pa á lára. Wọn kì í sọ̀rọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ yẹn. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ á ṣi òòlù, ẹni tó bá sì ṣi òòlù á fọ́ ọmọnìkejì rẹ̀ níka.

Ìró yẹn ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn tí mo sọ fún àwọn ọmọ orí fóònù. Òótọ́ ni ìró náà. Èyí tó tẹ̀ lé e ni kì í ṣe òótọ́.

Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò nílé. Jọ́ọ̀sì ni mo ti ta ohun èlò mọ́tò títí agbára fi tán, ibẹ̀ ni mo bí gbogbo ọmọ mi sí, ibẹ̀ náà ni mo sin ìyá wọn sí. Àwọn ọmọ ti túká, kálukú ti gba ìlú tirẹ̀ lọ. Ara mi kò gba ìrìn àjò Fìdítì mọ́. Nítorí náà, nígbà tí Hamidah, ọmọ àbúrò mi Zàíd tó ti dolóògbé, sọ pé òun fẹ́ fi mí sínú ẹgbẹ́ kan lórí Wásáàpù, mo ní kó fi mí sí i. Kí ni mo tún ń ṣe tó le jù ú lọ?

Hamidah ní ilé iṣẹ́ aṣọ kékeré kan ní Fìdítì, nínú ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ tó kọjú sí títì. Lòópẹ́ ló sọ ọ́. Kì í ra aṣọ tuntun. Aṣọ òwú tó ti pẹ́ nínú àpótí àwọn àgbà ló ń rà, ó ń gba àjákù lọ́wọ́ àwọn télọ̀, ó ń wá aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì àlòkù kiri. Á tú wọn, á pa wọ́n láró èlú, á wá rán wọn ní búbá, ní gáùn, ní àpò. Kẹ́míkà kankan kò gbọdọ̀ wọ inú aró náà, kí omi tí wọ́n bá dà nù má baà ba ilẹ̀ jẹ́. Páálí pélébé kan máa ń wà lọ́rùn aṣọ kọ̀ọ̀kan tó ń sọ ẹni tó pa á láró, ẹni tó rán an, àti ohun tí aṣọ náà jẹ́ tẹ́lẹ̀ rí. Ó máa ń sọ fún mi pé irọ́ tí àwọn aláṣọ ń pa fún aráyé ti pọ̀ jù, pé òótọ́ gan-an ni òun ń tà, aṣọ kàn ń bá a lọ ni.

Inú ẹgbẹ́ náà, Ilé Lòópẹ́, ni àwọn oníbàárà rẹ̀ ti ń pàdé. Wọ́n wà ní Ìbàdàn, wọ́n wà ní Èkó, àwọn kan wà ní Tòróńtò. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ tún aṣọ àtijọ́ ṣe á gbé àwòrán rẹ̀ síbẹ̀ kí wọ́n yìn ín. Abọ́dúnrìn, tíṣà kan tó ń gbé Ìlọrà, ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ó gbé ìdí ṣòkòtò kan wá lọ́jọ́ kan, ó ti lẹ̀ ẹ́, abẹ́rẹ́ ti gba ọ̀nà ibi tó wù ú.

"Ṣé o rán an ni àbí ẹ jọ jà?" Olúwafúnkẹ́ bi í. Olúwafúnkẹ́ ni ọ̀gá ẹgbẹ́ náà. Ìbàdàn ló wà, òun ló ń gbani wọlé, òun náà ló ń yọni.

"Ìyàwó mi ní tí mo bá wọ̀ ọ́ lọ sílé ìwé, kí n má kẹ̀yìn sáwọn ọmọ."

"Ìyàwó ẹ láàánú ọmọ ọlọ́mọ."

Èmi nìkan á rẹ́rìn-ín nínú yàrá mi títí ikọ́ á fi gbé mi. N kì í dá sí ọ̀rọ̀ wọn. Kí ni mo fẹ́ wí? Àfi ní ọjọ́ Jímọ̀ kan tí Hamidah kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà láàárín wa o, Bàbá Jọ́ọ̀sì. Aláró ni ìyá wọn, ní Fìdítì níbí. Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wa bí Ìyá Mùsílíù ṣe ń ṣe é láyé ọjọ́un."

Èmi ni Mùsílíù tí wọ́n fi ń pe ìyá mi. Sàúdátù ni orúkọ rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n èmi ni àkọ́bí, n kò sì rò pé ẹnikẹ́ni ti dárúkọ Ìyá Mùsílíù sí mi létí láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé. Ó mú orí mi wú. Mo tẹ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ tí fóònù fi ń gba ohùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Mo sọ bí wọ́n ṣe ń lu aṣọ. Lẹ́yìn náà ni mo ní ewé èlú nìkan ni ìyá mi lò láyé rẹ̀. Mo ní á gún un, á mọ ọ́n bíi ẹyin, á sá a gbẹ. Mo ní eérú èèpo kòkó ló ń fi omi sẹ́ nínú ajere, omi yẹn ni á da èlú sí. Mo ní aṣọ tó bá wọ inú ìkòkò rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, tó bá máa fi di Àlàmísì á ti dúdú bí ẹ̀tù, kò sì ní ṣí títí láé. Ohùn mi dùn létí ara mi.

Ewé èlú wà nígbà ayé ìyá tó bí ìyá mi. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́n, aró òyìnbó inú agolo ni ìyá mi ń lò, òun àti sódà tí àwọn tó ń se ọṣẹ ń lò. Gbogbo àwọn aláró àdúgbò wa ló ti yà síbẹ̀, nítorí pé ó yá, ó sì dúdú. Sódà yẹn jẹ ọwọ́ ìyá mi. Èékánná rẹ̀ rọ̀ bí ẹran tó jinná jù. Nígbà ọyẹ́, ìka rẹ̀ á sán, kò ní lè fi ọwọ́ jẹun tó bá ní ata, èmi ni á máa bu òkèlè fún un.

Mo ti bi ara mi léèrè ìdí tí mo fi parọ́. Mo rò pé nígbà tí mo ń sọ̀rọ̀ débi ọwọ́ rẹ̀, mo rí i pé ó wà níkàáwọ́ mi láti wo ọwọ́ náà sàn. Mo kàn yọ agolo kúrò nínú ìtàn ni, ọwọ́ ìyá mi sì jọ̀lọ̀. Ṣùgbọ́n n kò ní fi ìyẹn bojú. Ìyìn náà wọ̀ mí lára. Bí mo ṣe gbé ọwọ́ kúrò lórí fóònù ni wọ́n bẹ̀rẹ̀: "Ẹ ṣé o, Bàbá!" "Ẹ̀mí yín á gùn!" "Ọlọ́run á tẹ́ Ìyá Mùsílíù sí afẹ́fẹ́ rere!" Ẹnì kan ní Tòróńtò kọ ọ́ pé òun sunkún. Ta ló ti sunkún nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu mi rí?

Kò pẹ́ tí Hamidah fi gbé oríṣi aṣọ tuntun kan jáde. Aró Ìyá Mùsílíù ló pè é. Ó kọ ọ̀rọ̀ mi sára páálí ọrùn aṣọ náà, ó fi orúkọ mi sí ìsàlẹ̀. Wọ́n ń rà á bí ẹni ń ra iṣu ìbẹ̀rẹ̀ ọdún.

Ẹni tó ń bá a pa aṣọ láró ni ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Tahirah, ní Ìlọrà. Ọmọ ọmọ Wòsílátù ni, Wòsílátù tó ń bá ìyá mi lu aṣọ. Ìyá àgbà náà ti kó kúrò ní Fìdítì tipẹ́, ó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ níbẹ̀. Tahirah ti lọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Ìbàdàn, kò ríṣẹ́ ṣe, ló wá gbé ìkòkò aró kalẹ̀ sẹ́yìnkùlé ìyá àgbà rẹ̀, ó ń wádìí èlú bí ẹni ń wádìí oògùn. Aró rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ bí èlú ṣe rí: bí aṣọ bá kọ́kọ́ jáde nínú rẹ̀, á rí bí ojú ọ̀run lẹ́yìn òjò, fẹ́ẹ́rẹ́ báyìí. Kó tó dúdú, á wọ ìkòkò, á jáde gba atẹ́gùn, á tún wọ̀ ọ́, á tún jáde, ọ̀sẹ̀ lè gorí ọ̀sẹ̀. Ṣáájú ìtàn mi, àwọn ará ẹgbẹ́ fẹ́ràn àwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ yẹn. Lẹ́yìn ìtàn mi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn.

"Hamidah, eléyìí tí mo gbà jọ omi ọṣẹ. Ṣé aró Ìyá Mùsílíù nìyí?"

"Bàbá ní láàárín Ajé sí Àlàmísì ló ń dúdú. Èmi ti ń retí temi láti oṣù tó kọjá."

"Bóyá ọmọ yẹn ò gún èlú tó."

"Àwọn ọmọ ìwòyí. Wọn ò lè gún nǹkan kan, àyàfi fóònù."

Gbogbo rẹ̀ ni mo kà. Ìlà kan péré ni ì bá parí ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí mo kọ ni: "Ẹ ní sùúrù fún un, iṣẹ́ ló ṣì ń kọ́." Wọ́n ní mo láàánú. Ẹ wo irú àánú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì ni Tahirah fúnra rẹ̀ kọ̀wé sínú ẹgbẹ́. Mo lè kà á lórí títí di òní.

"Ẹ káàsán o, Bàbá Jọ́ọ̀sì. Ẹ má bínú sí mi. Ìyá mi àgbà bá ìyá yín ṣiṣẹ́. Wọ́n ní aró inú agolo ni wọ́n ń lò, pẹ̀lú sódà. Èlú kò lè dúdú láàárín Ajé sí Àlàmísì. Ẹni tó bá ní ó lè dúdú, kó wá sí Ìlọrà wá fi hàn mí."

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Ká ní ó ti dákẹ́ lórí "sódà" ni, bóyá wọn ì bá tiẹ̀ gbọ́ ọ.

"Ta lo ní kó wá fi hàn ẹ́?"

"Tahirah, ṣé Bàbá ló ń purọ́ ni?"

"Ó ku kó ní kí Bàbá wá gún èlú fóun."

"Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tọmọ náà na," Abọ́dúnrìn wí. "Àwa méjèèjì jọ ń gbé Ìlọrà, mo mọ ìyá àgbà rẹ̀, ẹni gidi ni."

"Abọ́dúnrìn, lọ jókòó lórí ṣòkòtò ẹ," Olúwafúnkẹ́ dá a lóhùn.

Gbogbo yín mọ bó ṣe rí nílẹ̀ wa. A kì í sọ fún àgbà pé ó parọ́. A lè ní bóyá ó gbàgbé, a lè ní bóyá ó fẹ́ sọ nǹkan mìíràn, a sì lè pa á mọ́ra títí di ọjọ́ tí a bá rí i lóun nìkan. Mo máa ń sọ fún ara mi pé ká ní ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni, mi ì bá jẹ́wọ́ fún un. Irọ́ ni ìyẹn náà. Mi ì bá sẹ́ ẹ lójú rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Hamidah gbé fídíò kan wá. Tahirah ló wà níbẹ̀, lórí eékún rẹ̀ méjèèjì, nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, ó so ìborùn mọ́rí, ọwọ́ rẹ̀ aláró wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìkòkò rẹ̀ hàn lẹ́yìn. "Bàbá, ẹ má bínú," ó wí. "Bí mo ṣe sọ̀rọ̀ kò dáa. Ẹ dárí jì mí." Mo wo fídíò náà ju ìgbà kan lọ. Kò ní òun parọ́. Ẹnu tó fi sọ ọ́ ló ń bẹ̀bẹ̀ lé lórí, kò bẹ̀bẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà.

Gbogbo ẹgbẹ́ ń dúró dè mí. Ẹnì kan tiẹ̀ kọ ọ́ pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ yín ni." Mo jókòó sórí àga mi, mo mu omi, mo tẹ fóònù.

"Mo ti dárí jì ọ́, ọmọ mi," mo wí. "Má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Kí Ọlọ́run fi ọgbọ́n kún ọgbọ́n fún ọ."

Àmín bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bí òjò.

Síbẹ̀, Olúwafúnkẹ́ yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́, ó ní kó lọ sinmi díẹ̀. Hamidah náà rán ọ̀kadà lọ sí Ìlọrà kó lọ kó gbogbo aṣọ tó wà nílẹ̀ bọ̀. Ó gbé wọn fún obìnrin aláró kan ní ìhà Iware.

Oṣù kan kò pé tí aṣọ obìnrin náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ó dúdú! Ó dúdú bí ẹ̀tù, ó sì yá. Ẹgbẹ́ dà bí ilé ìkómọ. "Ẹ wò ó! Ẹ wò ó! Aró Ìyá Mùsílíù gan-an nìyí!" Hamidah gbé fídíò obìnrin náà lẹ́nu iṣẹ́ wá kí a lè rí i. Ìkòkò ni mo kọ́kọ́ rí, àti ewé èlú tútù tí wọ́n tẹ́ sójú ibi tí aráyé á ti rí i. Obìnrin náà bu nǹkan nínú abọ́ ike kan. Bó ṣe ń dà á sínú omi gbígbóná, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sé èémí, ó sì fi èjìká nu ojú.

Mo dá fídíò náà dúró níbẹ̀. Ewé kì í mú ènìyàn yí ojú. Eérú kì í mú ènìyàn sé èémí bẹ́ẹ̀. Bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn tó bá ń da sódà, àti èjìká tó fi nu ojú, àti gbogbo rẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò jayò pa: aró Ìyá Mùsílíù gan-an ni lóòótọ́. Ohun tí Hamidah ń sá fún ló wá ń tà báyìí, ó ń fi orúkọ mi lẹ̀ ẹ́.

Mo kí ìrun alaasari lọ́jọ́ náà, n kò mọ iye ráká tí mo kí. Bí mo ṣe dìde lórí ẹní ni mo pe Hamidah.

"Bàbá mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ara yín ńkọ́? Ṣé ẹ rí fídíò? Iṣẹ́ wọn mọ́, àbí?"

"Sódà ló ń lò, Hamidah."

"Bàbá. Ẹ wà ní Jọ́ọ̀sì. Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Nítorí pé ohun tí ìyá mi lò nìyẹn. Ohun tí Tahirah sọ, bó ṣe rí nìyẹn."

Mo gbọ́ tó fa ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù dé, ìró mọ́tò orí títì sì lọ sílẹ̀.

"Ẹ gbàgbé nígbà tí ẹ sọ ọ́," Hamidah wí. "Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ni."

"N kò gbàgbé."

"Ẹ jẹ́ ká ní ẹ gbàgbé, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́."

"N kò gbàgbé, ọmọ mi."

Ló bá bú sẹ́kún. "Òótọ́ nìkan ni mo ní," ó ń wí. "Àwọn tó lówó ń ta aṣọ tó dáa ju tèmi lọ. Òótọ́ nìkan ni mo fi jù wọ́n lọ, ẹ̀yin lẹ sì bá mi bomi là á. Tí wọ́n bá gbọ́ eléyìí, gbogbo aṣọ tí mo ti tà rí ni wọ́n máa ní irọ́ ni. Títí kan èyí tí Tahirah ṣe."

Mo jẹ́ kó sunkún. Nígbà tó ṣe, ó fa ikun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò, bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń ṣe.

"Ẹ jẹ́ ká ṣe é báyìí. Màá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ obìnrin yẹn lónìí. Màá ní kí Tahirah padà. Ẹ̀yin náà ẹ pè é, ẹ bá a sọ̀rọ̀ ní bòókẹ́lẹ́. Ká má gbé e délé ẹgbẹ́. Àgbà ni yín, Bàbá. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa fi yín ṣe ẹlẹ́yà."

Inú mi dùn sí ìmọ̀ràn náà. Mo tiẹ̀ súre fún un lé e lórí. Ó fún mi ní nọ́ńbà Ìlọrà. Òun ló kọ́kọ́ pè wọ́n, èmi náà wá pè lẹ́yìn rẹ̀. Wòsílátù fúnra rẹ̀ ló gbé e.

"Ta nìyẹn?"

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Ìyá. Mùsílíù ni. Mùsílíù ọmọ Sàúdátù."

"Mùsílíù! O ṣì wà? Mo rò pé òtútù ti gan ọ́ pa lókè ọ̀hún."

"Mo wà, Ìyá."

"O wà, o ò wálé. Ó dáa. Mo gbọ́ pé o ní ìyá rẹ ò fojú kan sódà rí."

Mo gbé fóònù bọ́ sí etí kejì.

"Ta ló máa ń fi kẹ̀kẹ́ lọ gbé e wá lọ́jà? Ṣé iwin ni?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Ìwọ ni, àbí?" Mo gbọ́ tí ó mí kanlẹ̀. "Háà. Alihamudulilahi. Ṣé o mọ̀ pé ọmọ yìí wá bá mi lọ́jọ́ yẹn, omi ń dà lójú rẹ̀, ó ní kí n tún inú mi rò dáadáa, bóyá èmi ni mo gbàgbé, pé ọmọ Ìyá Mùsílíù fúnra rẹ̀ ní kò rí bẹ́ẹ̀. Mo rò ó. Mo rò ó títí. Nígbà tó yá, mo ń wo ọwọ́ mi méjèèjì tí sódà jẹ, mo ń sọ fún ara mi pé bóyá ọ̀nà mìíràn ni mo gbà bà á jẹ́. Mo ní bóyá ogbó ti ń mú mi lórí. Mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni."

Mo ti ń gbọ́ ìròyìn ikú ènìyàn láti ìgbà tí mo ti dàgbà, n kò rò pé èyíkéyìí wọ̀ mí láyà tó ìyẹn. Kí n tó lè dáhùn, ó ti gbé fóònù fún ọmọ náà.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá."

"Tahirah, mo wá bẹ̀ ọ́ ni. Mo ṣẹ̀ ọ́."

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Hamidah ti sọ fún mi."

"Ó ní òun fẹ́ kí o padà sẹ́nu iṣẹ́."

"Mo ti sọ fún un pé mi ò ní lè padà."

"Nítorí kí ni?"

Kò bínú. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi bí ẹni ń ṣàlàyé èlú. "Bàbá, tí mo bá padà báyìí, ẹni tí ẹ dárí jì ló máa padà. Gbogbo wọn ló gbọ́ ọ. Tí aró mi bá fúyẹ́, wọ́n á ní èlú ò tó. Tó bá dúdú, wọ́n á ní mo ti gbọ́n. Ibi tí mo bá dúró sí níbẹ̀, orí eékún ni." Ó wá fi kún un pé: "Ẹ má dá ara yín lágara. Màmá àgbà ní kí n bá àwọn kí yín."

Ohun tí kò sọ ni mo gbọ́ jù. Òun kúnlẹ̀ lójú gbogbo ayé, èmi wá ń bẹ̀ ẹ́ létí.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìjẹ́wọ́ mi sí ẹgbẹ́ náà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn àsùbá. Àkọ́kọ́ tí mo kọ, mo ní ọjọ́ ogbó ti dé, nǹkan ti ń dàrú mọ́ mi lójú. Mo pa á rẹ́. Bí mo bá fi ogbó bojú, Wòsílátù ni mo tún máa tì í bọ̀ níwájú, nítorí ogbó ni wọ́n fẹ́ fi pa òótọ́ tirẹ̀. Èkejì tí mo kọ, mo ní ìfẹ́ tí mo ní sí ìyá mi ló fà á. Ìyẹn dùn, wọ́n á sunkún sí i, wọ́n á sì tún yìn mí. Mo pa ìyẹn náà rẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti dùn mọ́ mi lọ́wọ́, ibẹ̀ ni irọ́ wà.

Mo pe Hamidah kí n tó fi í ránṣẹ́, kó má baà bá a lójijì.

"Inú ẹgbẹ́ ni màá sọ ọ́ sí," mo wí.

 Mo rò pé á tún sunkún. "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kọ̀wé sí àwọn tó ti rà á," ó wí níkẹyìn. "Màá ní kí wọ́n dá a padà tó bá wù wọ́n."

"Sọ fún àwọn tó rà. Èmi á sọ fún àwọn tó gbọ́."

"Wọ́n á bú yín o, Bàbá."

"Jẹ́ kí wọ́n bú mi."

"Kí Ọlọ́run ṣe é ní rere," ó wí, ohùn rẹ̀ kò sì dá mi lójú.

Ó di ọ̀sán Jímọ̀, nígbà tí gbogbo wọn ti ń gbé aṣọ tí wọ́n tún ṣe wá. Abọ́dúnrìn ti gbé ìbọ̀sẹ̀ kan dé, wọ́n ti ń fi ṣẹ̀sín.  Ohun tí mo fi ránṣẹ́ nìyí:

"Ẹ̀yin ará Ilé Lòópẹ́, ẹ kú Jímọ̀. Mùsílíù ni. Ìtàn tí mo sọ fún yín nípa aró ìyá mi, irọ́ ni mo pa. N kò gbàgbé. Mo mọ̀ ọ́n kí n tó yí i padà. Aró inú agolo àti sódà ni Sàúdátù lò, ó sì jẹ ọwọ́ rẹ̀. Èlú kì í dúdú láàárín Ajé sí Àlàmísì. Tahirah sọ bẹ́ẹ̀ fún yín níbí, òótọ́ ló sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí kan ibi tó ti ní kí n wá fi hàn òun, nítorí n kò lè fi hàn án. Ó kúnlẹ̀ lójú gbogbo yín nítorí mi, mo sì ní mo dárí jì í. Kò ṣẹ̀ mí. Mo gba ìdáríjì yẹn padà, kì í ṣe tèmi láti fún un. Èmi ni kó dárí jì, bó bá wù ú, nígbà tó bá wù ú. Hamidah kò mọ̀ sí i. Ó gbà mí gbọ́ nítorí pé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni mí. Ẹ má kọ 'ẹ ṣé, Bàbá' sábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí. Olúwafúnkẹ́, jọ̀ọ́, ṣílẹ̀kùn fún Tahirah kí ó lè ka èyí fúnra rẹ̀; bó bá sì fẹ́ jáde lẹ́yìn náà, má dá a dúró. Tahirah, tí o bá ti kà á tán, kà á sókè fún ìyá rẹ àgbà. Sọ fún wọn pé Mùsílíù ní wọn kò gbàgbé nǹkan kan."